Mọ́tò Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Àtijọ́ Láàrin Àwa Yorùbá Ìlú Port Harcourt

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí ẹ bá rìn láti Borokiri dé Diobu, kí ẹ gba Rumuola lọ sí Rumuokoro, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ilé ènìyàn wa kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ wà lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, tí tapólì bò ó, tí táyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín ti di ará ọ̀run. Àwọn ọmọ kò tà á, wọn kò sì tún un ṣe.

Kí ni kí a fi mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìbéèrè yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ẹbí ju ọ̀kan lọ. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí mọ́tò náà gbà dé ibẹ̀.

Ìfẹ́ tí Yorùbá ní sí mọ́tò kì í ṣe ti àná. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Obasa, ọmọ Richard Beale Blaize tó jẹ́ gbajúmọ̀ olówó ní Èkó, ti dá ọkọ̀ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ará ìlú, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Àǹfààní. Obìnrin ni o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bàbá nìkan ni à ń sọ. Ní Èkó kan náà, W. A. Dawodu ń ta mọ́tò, ó sì ń tún un ṣe, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sá wọ igbó bí wọ́n bá gbọ́ ariwo rẹ̀. Ní Ìbàdàn, Salami Agbájé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi mọ́tò ṣòwò.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kọ́ ló kó àwọn ènìyàn wa wá sí ibí. Ní 1913 ni Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt, òyìnbó tó ń ṣe mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, sọ ìlú yìí. Èédú Enugu ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtikó dé òkun, nígbà tó sì di 1916, rélùwéè ti ń kó èédú náà wá sí èbúté. Rélùwéè, èbúté, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn ilé ìtajà òyìnbó ló gba akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ láti apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìbàdàn ní láti kọ́kọ́ lọ sí òkè Ọya, títí dé Kàdúná, kó tó ṣẹ́rí padà sí apá gúúsù. Afárá tó gba orí odò Benue kọjá ní Makurdi kò sì parí títí di 1932. Ẹni tó bá gba ojú títì ńkọ́? Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Benin, Asaba, ibẹ̀ sì ni mọ́tò yóò ti dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e sọdá sí Onitsha. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí wọ́n fi parí afárá odò Niger ní 1965.

Inú ayọ̀ afárá náà ni gbogbo nǹkan dàrú. Ní oṣù Kẹwàá 1966, Ojukwu ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn fi agbègbè náà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wa di ẹrù. Ẹni tó ní mọ́tò kó ìyàwó, ọmọ àti ẹni kẹ́ni tó bá rí gbé sínú rẹ̀; ẹni tí kò ní wọ lọ́rì. Ní oṣù Karùn-ún 1968, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ ọ̀gá wọn gba Port Harcourt, ó wá di ìgbà tí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Igbo náà fi ilé àti ohun ìní sílẹ̀ sá lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé wọ̀nyẹn kò tíì tán lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní, a kò sì fẹ́ tú u ká níbí. Ohun tó kàn wá ni pé lẹ́yìn 1970, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa, yálà àwọn tó ń padà bọ̀ tàbí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nítorí iṣẹ́ epo, ìlú tí ogun ti jà ni wọ́n bá. Ọwọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ni ìjọba Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ojú títì bọ́ sí apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká tí wọ́n ń sọ Faransé ti ń ṣe. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo mọ́tò tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó wá, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Lójijì, awakọ̀ tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ kò ríran mọ́. Àwọn kan ta tiwọn ní ọ̀pọ̀. Àwọn kan ń wà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ti Yunifásítì Èkó ní tirẹ̀ tú mọ́tò Opel Olympia Rekord tí ìdílé rẹ̀ ń lò, ó gbé sítíárìn rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Kò dúró níbẹ̀: ó mú jíìpù ológun kan, ó fi sítíárìn kejì sí i, tí jíìpù náà fi lè lọ síwájú kó sì lọ sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo jíà rẹ̀. Autonov 1 ló pè é. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tó kú ní 1984, a kò sì tíì rí irú rẹ̀ púpọ̀.

Nítorí náà, bí mọ́tò tó wà lẹ́yìn ilé yín bá ní sítíárìn ní apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń rìn ní Nàìjíríà ṣáájú 1972. Bí ẹ bá sì rí ojú ihò tí wọ́n ti jó irin dí ní apá ọ̀tún, tí sítíárìn wá wà ní apá òsì, iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà pa ojú ihò náà rẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ìgbà ọ̀làjú mọ́tò wá dé. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Údójì jáde ní 1974, owó oṣù lọ sókè, wọ́n sì san èyí tó ti kọjá mọ́ ọn. Kò tíì pẹ́ tí owó náà wọlé tí iléeṣẹ́ méjì ṣí ní oṣù Kẹta 1975: Peugeot ní Kàdúná, àti Volkswagen ní Èkó, tó ń to mọ́tò kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ sì wà níwájú. Akọ̀wé, tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ èbúté rí owó yá níbi iṣẹ́ láti ra mọ́tò tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn 504 onígùn tó ń gba èrò méje ló sì wá di ọba ojú ọ̀nà láti ìlú dé ìlú.

Àkókò náà kò pẹ́, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi ọkàn sí. Ní oṣù Kẹrin 1982, ìjọba Shagari kéde pé kí gbogbo ìlú fún ṣòkòtò le. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sí ọjà. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ; ní 1987, dọ́là kan ti tó náírà mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ kò lè ra mọ́tò tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ ló kù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàrin 1975 àti 1986. Ìran kan ṣoṣo nínú àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ló fi owó oṣù ra mọ́tò tuntun tí a tò ní ilẹ̀ wa. Ìran àwọn òbí wa ni. Mọ́tò abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ náà fúnra wọn ti di ìtàn. Ilẹ̀ Faransé ṣíwọ́ ṣíṣe 504 tí a fi ń gbé èrò ní 1983, Kàdúná sì ń tò ó lọ títí di àárín àwọn ọdún 2000. Ìjàpá tó kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní Mexico ní oṣù Keje 2003. Michelin tó ń ṣe táyà níbí, ní Trans-Amadi, tí ọ̀pọ̀ ìdílé wa jẹun níbẹ̀, dá iṣẹ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2007.

Ní agboolé tiwa, 504 funfun ni bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 2011. Ìparí 1978 ló rà á. Nígbà tí a jókòó láti pín ogún, ilé ṣeé pín, ilẹ̀ ṣeé wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ ìdí-igi lè sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ orí-ò-jorí náà lè sọ ọ́. Mọ́tò kan ṣoṣo kò ní ìdí-igi. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní òun yóò fi owó ránṣẹ́, kí a fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i, kí a fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, kí a sì kùn ún ní pupa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó kàn lọ ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ náà, ó mú ìwé kékeré kan jáde.

Bàbá wa kì í ṣe aláròyé, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n yóò jẹ́rìí. Kò sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ra epo sínú mọ́tò ló ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibi tó ti rà á, iye lítà, iye owó. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, lítà epo kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀. Ní 1982 ó di 20. Ní 1986 ó di 39 àti ààbọ̀. Lójú ewé tó kọjú sí i ni orúkọ àwọn tó bá a wọ ọkọ̀ wà, ní gbogbo ìrìn àjò láti ibí dé Ìkìrun. Aládùúgbò, ọmọ ìlú tó ń wá iṣẹ́, aboyún tó ń lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Orúkọ bí ọgọ́rùn-ún ó lé. Nínú àwọn tó di ẹni ńlá lónìí nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn mélòó kan wà níbẹ̀, tí a kò mọ̀ rárá pé inú mọ́tò bàbá wa ni wọ́n wọ̀ dé Port Harcourt. Ọ̀rọ̀ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù parí lọ́jọ́ náà. Ti ọ̀dà pupa kò tètè parí.

Ohun tí a fi parí rẹ̀ ni mọ́tò mìíràn. Ẹni tó bá ti dé ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, ní Èkó, yóò ti rí Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì 1976, nígbà tí àwọn adìtẹ̀ yìnbọn pa á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó. Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwà, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ọ̀gágun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kú nínú ọkọ̀ kan náà. Ojú ọta ìbọn wà lára mọ́tò yẹn títí di òní. Ká ní ẹnì kan ti gbé e lọ fún àwọn tó ń lu bọ́dì, tí wọ́n dí ihò rẹ̀, tí wọ́n sì kùn ún kó máa dán, kí ni ì bá kù? Benz àtijọ́ kan ni ì bá jẹ́, kò sí ọmọ ilé ìwé tí ì bá tò láti wò ó.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sokari Douglas Camp, ọmọ Buguma ní ìpínlẹ̀ Rivers yìí, fi irin ṣe bọ́ọ̀sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2006 láti fi ṣe ìrántí Ken Saro-Wiwa, tí wọ́n so kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn níhìn-ín ní Port Harcourt, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá 1995. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà wá sílé ní 2015, àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e ní Èkó. Bọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan! Bí mọ́tò kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń bẹ̀rù?

Àdéhùn tí a wá ṣe láàrin ara wa nìyí, a sì rò pé ó lè wúlò fún ìdílé mìíràn. Ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀mí ènìyàn, a ó sọ ọ́ di tuntun láìwo ojú ẹnikẹ́ni: bírékì, táyà, wáyà iná, páìpù epo. Ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó ni mọ́tò, a kò ní fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ọ̀dà funfun ló padà sí i. Ibi tó ti wọnú ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí bàbá ti fi gbá ọ̀pá géètì lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn, wà bẹ́ẹ̀. Aṣọ ìjókòó ẹ̀yìn ti ya, a rán an, a kò pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gbà wá ní ọdún méjì, láti 2017. Òjò Port Harcourt kì í ṣe òjò eré. Ó ju ìlọ́po òjò Ìbàdàn tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, atẹ́gùn òkun sì ń gbé iyọ̀ wá. Ìsàlẹ̀ mọ́tò náà ti dógùn-ún débi pé ìka ń wọ inú irin rẹ̀ bí ìgbà tí a fi ìka wọnú àkàrà. Láti ìparí 2016 pẹ̀lú, èérú dúdú tí gbogbo wa mọ̀ sí sọ́ọ̀tù ti ń bọ́ láti ojú ọ̀run nítorí àwọn tó ń fọ epo nínú igbó, kò sì sí ohun tí a kùn lálẹ́ tó máa ń wà ní mímọ́ láàárọ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù olórùlé ni a ti kùn ún, a sì ti ilẹ̀kùn pa.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a gbé e fún, a kò ní dárúkọ rẹ̀, yọ kábúrétọ̀ tó bá mọ́tò náà wá, ó fi jákujàku mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó ní kò sí ìyàtọ̀. A kò rí ti àkọ́kọ́ gbà padà. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kó ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó kù, ọjà Ikoku ní Diobu ni a ti rí púpọ̀ nínú wọn, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Igbo tó mọ 504 bí ẹní mowó. Ìwọ̀nba tí a kò rí níbẹ̀ ni a lọ wá ní Ládípọ̀, ní Mushin. Ọkùnrin tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe jẹ́ ọmọ Ogoni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò lo kọ̀ǹpútà. Ó gbé igi kan lé orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé orí igi, ó sì sọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ iṣẹ́ kan péré ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn náà sì ti ń bi wá bóyá ọ̀nà wà láti rí físà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Orúkọ òkú kò ṣeé fi wa mọ́tò lójú títì. Bí òbí kò bá kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ni yóò fún ẹbí ní ìwé àṣẹ láti ṣe àkóso ohun tó fi sílẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó lè yí orúkọ padà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ná owó lórí mọ́tò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá pọ̀, tí ìyá wọn kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé tí owó kò tíì sí láti tún un ṣe, ìwọ̀nba ni ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ní ọdún yìí. Ẹ gbé e kúrò nínú òjò, ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Ẹ tú inú rẹ̀ wò, abẹ́ ìjókòó, inú búùtù, àpótí iwájú, ẹ má sì da bébà kankan nù. Ẹ wá fọ́tò tí òbí yín bá yà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ kọ ọdún àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn tó lè dá wọn mọ̀ ṣì wà láyé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí a tẹ fọ́tò náà sínú ìwé ìrántí ti ọdún tó ń bọ̀, ẹ mú un wá sí ìpàdé. A ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lójú yín, a ó sì dá a padà fún yín lọ́jọ́ kan náà.